Nọ́ọ̀sì, Wẹ́dà àti Ọkọ̀ Mi Tó Dípẹtà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìtàn olólùfẹ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, àmọ́ ẹ má retí òdòdó o. Ìfẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, inú ìpẹtà ló ti hù. Ọmọ mi obìnrin ló ṣẹlẹ̀ sí, ojú mi ló sì ṣe. Tí mo bá yà bàrá sọ nǹkan míì, ẹ fi orí jì mí. Ẹni tó bá ti dàgbà, ẹnu ẹ̀ a máa rìn ju ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ dírẹ́bà ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Ọ̀gá tí mo wà fún kẹ́yìn ló fi ọkọ̀ tó ti lò gbó ta mí lọ́rẹ nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ ayé àtijọ́ ni, èyí tí iná iwájú ẹ̀ rí roboto bí ojú òwìwí. Ìyá Àgbà là ń pè é nílé. Mo gbé e sábẹ́ páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, páànù ọ̀hún wá ń jò, mi ò tètè mọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìpẹtà kì í pariwo? Abẹ́ ọ̀dà ló máa ń gbé. Ẹ óò rí i bíi ìléròrò kékeré, ẹ óò ní kò tó nǹkan. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka wọlé lọ.

Ìyá wọn, ìyẹn ìyàwó mi, ní kí n tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin.

"Bàbá wọn, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ojú yín ò ríran dáadáa mọ́. Orúnkún ń dùn yín. Ọkọ̀ ọ̀hún náà, orúnkún ń dùn ún."

Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwa méjèèjì á jọ gbàtọ́jú."

Ó pòṣé, ó wọlé lọ. Obìnrin tó bá ti gbé lọ́dọ̀ ọkùnrin pẹ́, òṣé ẹ̀ a máa gùn ju gbólóhùn lọ.

Ọkọ̀ náà ò ṣeé fà lọ síbì kankan. Mẹkáníìkì tó wá wò ó ní tí àwọn bá so okùn mọ́ ọn, iwájú á lọ, ẹ̀yìn á ní òun ò lọ. Ilé náà la máa ti ṣe é. Báyìí ni wọ́n ṣe júwe ọkùnrin kan tó ń fi iná jó irin pọ̀ fún mi, Wẹ́dà ni gbogbo èèyàn ń pè é.

Ọkùnrin gbọ̀ọ̀rọ̀ kan ni, ó ti lé lógójì ọdún, ewú díẹ̀ ti ń yọ lẹ́bàá etí ẹ̀. Ó ti gbéyàwó rí, ìyàwó náà ti lọ, kò sì sí ọmọ láàárín wọn. Tẹ́ ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á dáhùn. Tẹ́ ẹ bá bi í pé ṣé dáadáa ló jí, á mi orí. Ó parí nìyẹn. Èmi tí mo ti ń dúpẹ́ pé mo rí ẹni tí màá máa bá tàkúrọ̀sọ látàárọ̀ dalẹ́, ó wá dà bíi pé mò ń bá ògiri dápàárá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ ẹ̀ lára irin! Á fi ẹ̀yìn ìka gbá ara ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́, á tẹ́tí, á lọ sí iwájú díẹ̀, á tún gbá a. Ibi tó bá dún gbọ̀n-ìn, kò ní sọ nǹkan kan. Ibi tó bá dún bọ̀, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́. Nígbà tó máa parí, Ìyá Àgbà funfun fún ṣọ́ọ̀kì.

Mo ní, "Gbogbo èyí?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó rẹ̀ mí lójú ẹsẹ̀, mo wá nǹkan jókòó lé.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọmọ mi. Òun ni àgbà ọmọ mi, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe ní ọsibítù. Àwọn yòókù ti lọ sílé ọkọ, ilé aya, òun nìkan ló kù lọ́dọ̀ wa, ó sì ti ń sún mọ́ ogójì. Iṣẹ́ òru ni wọ́n máa ń gbé fún un ṣáá, torí àwọn tó ní ọmọ kékeré nílé máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn ṣe é, òun náà ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Á dé láàárọ̀, ojú ẹ̀ á ti wọnú, ẹsẹ̀ ẹ̀ á ti wú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo máa ń bá a lórí àga nínú ilé ìdáná, á ti sùn lọ ti bàtà ti bàtà, búrẹ́dì á ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọkùnrin kan ti ń fẹ́ ẹ sọ́nà rí. Ó ní òun ò lè fẹ́ ìyàwó tí òun ò ní í rí lálẹ́. Ó bá tiẹ̀ lọ. Láti ìgbà yẹn, tí ìyá ẹ̀ bá ti dá ọ̀rọ̀ ọkọ sílẹ̀, ìdáhùn kan ló ní: "Màámi, ó rẹ̀ mí."

Àárọ̀ kan ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Wẹ́dà ti dé kí oòrùn tó yọ, ó ti wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ń họ ìpẹtà níbẹ̀. Èmi wà nínú ilé, mò ń po tíì. Ọmọ mi ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó ṣí géètì, ẹsẹ̀ méjì ló rí tó yọ síta lábẹ́ ọkọ̀.

Ó mọ̀ pé èmi ni mo máa ń tú nǹkan nídìí ọkọ̀ yẹn. Ó sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá mi fínra. Ó pè mí, "Bàámi!" Ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ò fọhùn. Ó tún pè, "Bàámi o!" Kẹ́kẹ́ pa. Ha! Ọmọ mi ju báàgì nù, ó gbá ẹsẹ̀ méjèèjì mú, ó wọ́ ẹni ẹlẹ́ni jáde bí ẹni wọ́ àpò sìmẹ́ǹtì, ó kúnlẹ̀ tì í, ó ti ki ìka sí i lọ́rùn, ó ń wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ṣì ń lọ lára ẹ̀.

Ariwo tó pa lèmi àti ìyá ẹ̀ gbọ́ tá a fi sáré jáde. A bá Wẹ́dà nílẹ̀ gbalaja, ojú ẹ̀ kún fún ìpẹtà, ó ń ṣẹ́jú pàkàpàkà.

Ọmọ mi ní, "Ta ni yín?"

"Wẹ́dà."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò dáhùn nígbà tí mo pè?"

"Bàámi lẹ pè," ni Wẹ́dà wí. "Èmi ò bí yín."

Ẹ̀rín pa mí, tíì dà sí mi lẹ́sẹ̀. Ìyá wọn ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi náà fẹ́ bínú, àmọ́ nọ́ọ̀sì ni, kò lè rí ojú tó pọ́n kó kọjá lọ. Ó pọn omi, ó gbé orí ọkùnrin náà sẹ́yìn, ó ń fi omi ṣan ojú ẹ̀.

"Ẹ lajú. Ẹ má fọwọ́ ra á. Ṣé ẹ ò ní gíláàsì tí wọ́n fi ń bo ojú ni?"

"Ó wà nínú àpò."

"Àpò lẹ fẹ́ fi ríran?"

Wẹ́dà yọ gíláàsì náà kíákíá, ó fi í bo ojú. Mo rí i. Mo tún rí i pé ọmọ mi, tí kì í dúró gba ìkíni láàárọ̀ kó tó lọ sùn, ó jókòó sórí kórobá tí mo dojú ẹ̀ délẹ̀, ó ń mu tíì mi tó ṣẹ́ kù, ó ń wo bí ọkùnrin náà ṣe ń padà wọ abẹ́ ọkọ̀.

Bó ṣe di nǹkan ojoojúmọ́ nìyẹn. Tó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, orí kórobá yẹn ló máa kọ́kọ́ jókòó sí. Á máa sọ̀rọ̀. Ọmọ mi tí kì í sọ nǹkan kan fún wa nípa iṣẹ́ ẹ̀! Á sọ ti bàbá arúgbó kan tó ń pè é ní ìyàwó òun. Á sọ ti ẹni tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín òru, tó jẹ́ pé òun nìkan ló wà níbẹ̀, tí kò mọ ohun tó yẹ kó sọ fún un. Wẹ́dà á máa fi pépà oníyanrìn họ ara ilẹ̀kùn ọkọ̀, jẹ́jẹ́, á máa gbọ́. Nígbà míì ọmọ náà á gbórí lé ara ọkọ̀, oorun á gbé e lọ. Wẹ́dà á gbé hámà sílẹ̀, iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Mo rí i pé tó bá fẹ́ jó irin tuntun mọ́ ara ọkọ̀, kì í jó o lọ tààrà. Á fi iná tọ́ ọ díẹ̀ níbí, á fò ó, á lọ tọ́ ọ díẹ̀ lọ́hùn-ún, á wá dúró díẹ̀, á máa wò ó.

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò jó o lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ká rí nǹkan míì ṣe?"

Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo tíì gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ títí dìgbà yẹn ló sọ. "Bàbá, páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Tí iná bá pẹ́ lójú kan, á wọ́. Tó bá ti wọ́, kò ní í padà bọ̀ sípò mọ́ láyé. Èèyàn á tọ́ ọ díẹ̀, á fi í sílẹ̀ kó tutù."

Mo ní ó dáa. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe ń ṣe ọmọ mi náà nìyẹn.

Torí ẹ wò ó: ó gbé àga onírin kan wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun fúnra ẹ̀ ló jó o, ó ní ibi tí èèyàn ń fẹ̀yìn tì, ó ti fi fóòmù àti awọ sí i. Ó gbé e síbi tí kórobá máa ń wà. Kò sọ pé ta ló ni ín. Ọmọ mi dé, ó wo àga, ó wo ọkùnrin, ó jókòó. Inú ẹ̀ dùn débi pé kò sùn títí ọ̀sán. Kí la tún rí? Wẹ́dà ò wá lọ́jọ́ kejì. Kò wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó lọ ṣiṣẹ́ níbòmíì. Ọmọ mi á dé láàárọ̀, á wo àga òfìfo, á wọlé. Nígbà tí ọkùnrin náà padà wá, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́," ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ìpẹtà lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ojú ìyá wọn ò fọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó pè mí sí pálọ̀.

"Bàbá wọn, mi ò fẹ́ wẹ́dà yẹn fún ọmọ mi o."

"Ta ló ní ó fẹ́ ẹ?"

"Ẹ má sọ mí di ọmọdé. Ìyàwó tó kó jáde nílé ẹ̀, ó rí nǹkan tó rí."

"Lọ bi í nígbà náà." Àwàdà ni mo fi ṣe o.

Ìyá wọn ò bá mi ṣàwàdà. Lọ́jọ́ kejì ó wọ aṣọ tó dáa, ó wádìí ibi tí ìyàwó àtijọ́ yẹn wà, ó lọ bá a. Aránṣọ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó padà dé, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó bí ẹni tó gun òkè dé. Ọmọ mi wà níbẹ̀, ó ń múra iṣẹ́.

Mo ní, "Kí ló sọ?"

"Mo ní ṣé ó máa ń lù ú ni. Ó ní rárá. Mo ní ṣé ọtí ni. Ó ní kì í mu. Mo ní ṣé obìnrin ni. Ó ní 'Mà, èwo lobìnrin, ẹni tí kì í bá èmi tí mo wà nílé sọ̀rọ̀, kí ló fẹ́ bá obìnrin ìta sọ?' Ó ní ọjọ́ mẹ́ta lè lọ, gbólóhùn kan ò ní jáde lẹ́nu ẹ̀. Ó ní ìdákẹ́ yẹn ló sú òun."

Ó yíjú sí ọmọ ẹ̀. "O ti gbọ́ àbí?"

Ọmọ mi ń de okùn bàtà. Kò gbé orí sókè. "Màámi, látàṣálẹ́ títí di àárọ̀ làwọn èèyàn fi ń ké sí mi. Nọ́ọ̀sì omi, Nọ́ọ̀sì ó ń dùn mí, Nọ́ọ̀sì mò ń kú. Tí mo bá délé tí mo bá ẹnì kan tí kò sọ nǹkan kan, ẹ rò pé ìyà ni?"

Ìyá ẹ̀ dìde, ó gbé bàtà ẹ̀ wọlé. Àmọ́ ìyẹn ò ní kó jáwọ́. Ó ní àbúrò kan, Àǹtí là ń pè é, alárinà gidi ni. Ẹni tí Àǹtí bá ti so pọ̀, kódà bí wọ́n bá ń jà, ẹ̀rù á máa bà wọ́n láti tú u. Kò pẹ́ tí Àǹtí fi mú ọkùnrin kan wá, ìyàwó ẹ̀ ti kú, ó ń ta táìlì, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ tóbi, bàtà ẹ̀ ń dán. Èèyàn dáadáa ni o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ìgbà tó jókòó ló ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ìgbà tó dìde ló tó dánu dúró. Èmi gan-an ò ráyè fọhùn! Ó ṣàlàyé táìlì ilé ìwẹ̀, ó ṣàlàyé ti ilé ìdáná, ó sọ èyí tí kì í yọ̀ àti èyí tó ń yọ̀. Nígbà tó fi máa dé orí táìlì ògiri, ọmọ mi ti sùn lọ níbi tó jókòó sí.

Àǹtí gbún un nígbọ̀nwọ́. Ọmọ náà ta jí, ó ní, "Ẹ dúró, mò ń bọ̀, ibo ló ti ń dùn yín?"

Onítáìlì rẹ́rìn-ín, ó ní òun fẹ́ràn obìnrin tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ní òun ò fẹ́ fi nǹkan falẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, òun á padà wá gba ìdáhùn.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bá ọmọ mi nílé ìdáná. Ó ń fọ kọ́ọ̀pù kan náà, ó ń fọ̀ ọ́ ṣáá.

Mo ní, "Kí lo fẹ́ sọ fún un?"

"Bàámi, ó rẹ̀ mí." Ó gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀. "Ẹni tó ń sọ ọ́, òun kọ́ ni mo fẹ́. Ẹni tí mo fẹ́, kò sọ ọ́. Bóyá kò tiẹ̀ sí lọ́kàn ẹ̀. Bóyá torí àárẹ̀ ni mo ṣe ń rí nǹkan tí kò sí. Tí ilẹ̀ bá fi mọ́ lọ́jọ́ Àìkú tí kò sí ẹlòmíì tó sọ̀rọ̀, màá tẹ̀lé oníyẹn. Ó kéré tán, màá mọ ibi tí mò ń lọ."

Mi ò lè sùn. Mo mọ ohun tó ń ṣe Wẹ́dà. Mo ti rí bó ṣe ń wo ọ̀nà géètì láàárọ̀. Àmọ́ kí ni kí n ṣe? Àgbàlagbà á wá fi ọmọ ẹ̀ polówó bí? Kí n lọ bá ọkùnrin nídìí iṣẹ́ kí n ní "Jọ̀ọ́, wá fẹ́ ọmọ mi"? Ojú ò ní tì mí tán. Mo pa ẹnu mọ́, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré lára mi.

Ó wá di Sátidé. Wẹ́dà fẹ́ ṣe ẹ̀yìn ọkọ̀, lókè táyà. Ó ti gé èyí tó dípẹtà kúrò, ó ti jó tuntun sí i, ó kù kó fi hámà gbá a kó tẹ́jú. Irú iṣẹ́ yẹn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nínú, kó di irin gbàǹgbà kan mú, kó fi ti páànù lẹ́yìn, kí hámà má bàa lù ú wọlé. Bí mo ṣe wọ inú búùtù nìyẹn o. Mo ká jọ bí ọmọ inú, mo di irin mú, Wẹ́dà wà níta, ó ń gbá a kọ̀-kọ̀-kọ̀. Èmi ò rí ìta, ẹni tó wà níta ò rí mi.

Mo gbọ́ géètì. Mo gbọ́ bàtà ọmọ mi.

"Ẹ káàárọ̀."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ káàárọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ òru."

"Bàámi ńkọ́?"

Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu ọkùnrin yìí. Kó tó ya ẹnu, ọmọ mi ti ń bá tiẹ̀ lọ. "Ó dáa bí wọn ò ṣe sí níbí. Ohun tí mo fẹ́ sọ, mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ."

Gbà mí o! Kí ni kí n ṣe? Kí n wúkọ́? Kí n yọ orí jáde bí alábahun? Mo mú irin mi dání, mo sé èémí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé hámà yẹn sílẹ̀." Mo gbọ́ bó ṣe kanlẹ̀. "Ẹnì kan ń bọ̀ lọ́la láti wá gbọ́ ìdáhùn lẹ́nu mi. Ẹ ti gbọ́?"

"Mo ti gbọ́."

"Kí lẹ rí sí i?"

Mo gbọ́ bó ṣe ń fi ìka gbá ara ọkọ̀ jẹ́jẹ́.

"Àga yìí, ta lẹ ṣe é fún?"

"Ẹ̀yin ni."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Ẹ ti jókòó sí i."

Mo gbọ́ bí ọmọ mi ṣe mí kanlẹ̀. "Ẹ óò wá lónìí, ẹ óò ṣe ohun tí inú mi á fi dùn, ẹ óò wá di àwátì. Èmi á wà nílé, màá máa ro ó pé bóyá mo ti sọ̀rọ̀ jù, bóyá ẹnu mi ti sú yín. Kí lẹ ń fi mí ṣe?"

"Mò ń jẹ́ kó tutù ni."

"Kí ló ń tutù?"

"Ọ̀rọ̀ wa." Ó dúró. "Mo kánjú jó ti àkọ́kọ́. Ó wọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ kí tiyín náà wọ́."

Ó kù díẹ̀ kí irin bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọmọ mi ní, "Ṣé ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni mí ni?" Ohùn ẹ̀ ti ń gbọ̀n, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. "Ẹ wò mí dáadáa. Mo ti tutù. Mo ti tutù tó bẹ́ẹ̀ tó kù díẹ̀ kí n gan. Tí mo bá ń bọ̀ láàárọ̀, ẹsẹ̀ mi kì í gbéra nílẹ̀, àfi tí mo bá rántí pé ẹ wà lábẹ́ páànù yìí. Mi ò ní kẹ́ ẹ di oníwàásù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́, kí n lè lọ sùn."

Kò sí ohùn. Mo dúró. Kò sí ohùn. Apá mi ti kú, ẹ̀yìn mi ti gan, òógùn wọ̀ mí lójú, irin yẹn ti wá wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Ìgbà náà ló tó yé mi. Ha, èmi ni! Ọkùnrin tó lójútì ni, bàbá ọmọ sì wà lẹ́yìn páànù níbi tí ọwọ́ ẹ̀ lè tó. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́ lójú mi? Tí mo bá dákẹ́, ọmọ mi á wọlé lọ, ọjọ́ Àìkú á dé, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Mo lọgun látinú búùtù: "Ìwọ ọkùnrin yìí, sọ ọ́ o jàre! Apá ń ro mí!"

Igbe tí ọmọ mi ké, ọ̀gbẹ́ni ilé kejì yọjú ní fèrèsé.

"Bàámi!"

"Mi ò sí níbí," ni mo wí. "Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ."

Wẹ́dà wá sọ ọ́. Kò pariwo, àmọ́ mo gbọ́ ọ. "Mo fẹ́ yín. Ó ti pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ẹni yẹn lóhùn lọ́la."

Mo gbọ́ bí ọmọ mi ṣe gbé báàgì ẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ n lọ sùn. Tí mo bá jí, a máa sọ ìyókù." Mo gbọ́ bàtà ẹ̀ tó ń lọ, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, bíi ti ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Wẹ́dà ló fà mí jáde. Orúnkún mi kọ̀, kò nà. Ó wò mí, mo wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà ni mo tó mọ̀ pé eyín ẹ̀ funfun.

Kò rọrùn lẹ́yìn ìyẹn o. Àǹtí bínú, ó ní a ti ba orúkọ òun jẹ́ lọ́dọ̀ onítáìlì. Ìyá wọn ò bá mi sọ̀rọ̀, ó ní inú búùtù lèmi ti ń fi ọmọ fọ́kọ. Wẹ́dà mú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin wá láti bá wa sọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n ọ̀hún sọ̀rọ̀ bí òjò. Ó dà bíi pé nígbà tí wọ́n ń pín ọ̀rọ̀ nílé wọn, òun ló kó ti àbúrò ẹ̀ mọ́ tiẹ̀. Ìyá wọn gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, ó kọjú sí ọkùnrin náà fúnra ẹ̀.

"Ìwọ, ṣé wàá máa bá ọmọ mi sọ̀rọ̀?"

Wẹ́dà wo ilẹ̀ títí. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fẹ́ bá a dáhùn, ìyá wọn na ọwọ́ sí i pé kó fi í sílẹ̀.

"Màá gbìyànjú, Mà."

Ìyá wọn mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Kò purọ́ fún mi." Ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Kì í ṣe ayọ̀ o. Àárẹ̀ ló fi gbà á. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó wọn wẹ́rẹ́, èèyàn ò pọ̀, ìyá wọn jókòó bí ẹni tó ń dúró de àyẹ̀wò dókítà.

Ọmọ mi gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n kó lọ sílé Wẹ́dà. Kò pẹ́ sí i ni, mo wà lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ kùtù, ta ni mo rí? Wẹ́dà ni, ó ń sáré bọ̀, bọ́tìnnì ẹ̀wù ẹ̀ ò bára dọ́gba, bàtà ò bára mu lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ìyá wọn ti jáde lẹ́yìn mi, ó di ilẹ̀kùn mú.

"Kí ló ṣe ọmọ mi?"

Wẹ́dà la ẹnu, ọ̀rọ̀ ń tú jáde. "Mà, ó ń sùn ni. Àná ló ti sùn, kí ọ̀sán tó pọ́n, mo rò pé ó máa jí lálẹ́, kò jí, mo gbé oúnjẹ lọ, ó yí ẹ̀gbẹ́ kejì padà, ó sùn lọ, mo fi ọwọ́ sí imú ẹ̀, ó ń mí, mo fi ọwọ́ kan iwájú orí ẹ̀, kò gbóná, mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́, kò tíì jí báyìí, mo ní ṣé kí n gbé e lọ sọ́sibítù ni, mo tún ní tí mo bá jí i ńkọ́ tí inú ẹ̀ ò bá dùn, mi ò mọ èyí tó yẹ kí n ṣe, Mà, ẹ̀yin lẹ bí i, ṣé bó ṣe máa ń sùn nìyí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

Èmi àti ìyá wọn wo ara wa. Ọ̀rọ̀ tí a kò gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ látìgbà tá a ti mọ̀ ọ́n, ó ti sọ ọ́ tán láàárọ̀ kan ṣoṣo.

Ìyá wọn jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó fi etí aṣọ nu ojú.

"Rárá," ló wí. "Kì í sùn bẹ́ẹ̀. Kò sùn bẹ́ẹ̀ rí nílé yìí." Ó wo ọkọ ọmọ ẹ̀ láti òkè délẹ̀. "Má jí i. Padà sílé, kó má lọ jí kó má bá ọ. Rọra ṣílẹ̀kùn o."